Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló sọ James Wan di James Wan

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín àwọn ọmọ wa tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe, ẹni tó bá ti fẹ́ ṣe eré abanilẹ́rù, orúkọ James Wan ni yóò kọ́kọ́ dá. Wọ́n á ní dárẹ́kítọ̀ ọmọ Australia yẹn fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe Saw, ó sì là. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n rí kọ́ níbẹ̀. Wọ́n á po sóbò kún gálọ́ọ̀nù, wọ́n á dà á sára òṣèré, sóbò á máa ṣàn bí omi nítorí pé kò kì, ẹni tó ń wò ó á máa rẹ́rìn-ín.

Kuching ní Malaysia ni wọ́n ti bí Wan ní 1977, Perth ló dàgbà sí. Ilé ẹ̀kọ́ RMIT ní Melbourne ni òun àti Leigh Whannell ti mọra. Nígbà tí àwọn méjèèjì parí ìtàn Saw, wọn ò gbé ìwé eré lásán lọ bá olówó. Ìran kan ṣoṣo ni wọ́n yọ nínú rẹ̀ ní 2003, ibi tí wọ́n ti de pàkúté irin mọ́ orí ọkùnrin kan. Nǹkan bí 5,000 dọ́là Australia ni wọ́n fi yà á, kò pé ìṣẹ́jú 10, wọ́n sì fi DVD rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé eré. Olówó fojú ara rẹ̀ rí ọjà tó fẹ́ rà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lẹ́nu láti sọ pé Wan ni yóò darí eré náà, Whannell yóò sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 18 ni wọ́n fi ya odindi fíìmù náà, pẹ̀lú nǹkan bí mílíọ̀nù 1.2 dọ́là. (Ká má tan ara wa, Hollywood nìkan ni ìyẹn ti ń jẹ́ owó kékeré.) Inú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Los Angeles ni wọ́n wà, balùwẹ̀ tí wọ́n so ọkùnrin méjì mọ́ nìkan ni wọ́n dìídì kọ́. Wọ́n ya àwọn ìran inú balùwẹ̀ náà ní ìtẹ̀léra bí ìtàn ṣe lọ, kí àárẹ̀ àti ìbẹ̀rù máa pọ̀ sí i lójú àwọn òṣèré. Àsìkò ò tó, nígbà tí wọ́n sì jókòó ti ẹ́dítìn, wọ́n rí i pé àwòrán ò pé. Wan wá fi fọ́tò, gígé ìwé ìròyìn àti àwòrán bíi ti kámẹ́rà tó ń ṣọ́lé dí àwọn ihò náà. Àwọn kan ń pe èyí ní ọgbọ́n tuntun. Àìrówó ló bí i. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ ò tó, kí ó ya fọ́tò gbogbo ohun tó wà nínú yàrá lójoojúmọ́ kó tó tú iná palẹ̀. Wọ́n gbé Saw jáde ní 2004, ó sì pa ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Ẹ tún ibi tí wọ́n ti ń fi ayùn gé ẹsẹ̀ nínú Saw wò: ojú àti igbe ni ẹ máa rí jù, ẹran ò tó bí ẹ ṣe rò.

Ní 2007, Wan fi owó tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe Dead Silence àti Death Sentence, ọjà ò tà. Ó padà sí owó kékeré: mílíọ̀nù 1.5 dọ́là àti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún Insidious ní 2010. (Olóòtú, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ kan ni wọ́n ti ya apá kan rẹ̀!) Joseph Bishara tó ṣe orin rẹ̀ náà ló ṣe ẹ̀mí èṣù olójú pupa. Ẹ gbọ́ bí gòjé ṣe ń ha létí, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú rẹ̀. Nínú The Conjuring ti 2013, ọwọ́ méjì tó pàtẹ́wọ́ ti tó dẹ́rù bani. Àwọn tiwa a máa lu ìlù, a máa sán àrá láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí òkú tó yọjú, etí ti kú.

Ìdákẹ́jẹ́ ní Àbújá, iṣẹ́ ni. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ògiri, bíi mítà 50, kí wáyà sì nípọn, àìṣe bẹ́ẹ̀ iná á máa ṣe bàìbàì. Ẹ pa fáànù àti fìríìjì. Àárín Ìṣáì sí Àsùbáà ni kí ẹ ya ìran tó nílò ìdákẹ́jẹ́. Kí ẹ tó kúrò ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn dúró gbọn-in, kí ẹ gba ìró yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Láìsí i, gbogbo ibi tí ẹ bá ti gé àwòrán ni etí á ti gbọ́ ọ. Iná ìjọba wa, 50 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ bá fi kámẹ́rà sí àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ẹ sì fi ṣọ́tà rẹ̀ (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún àwòrán kọ̀ọ̀kan) sí 1/60 lábẹ́ iná gígùn (fluorescent), ìlà á máa rìn lára ògiri. Àwòrán 25 àti ṣọ́tà 1/50 ni kí ẹ lò.

Kí ẹ tó wá olówó lọ, ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú yàrá kan. Ẹ fi han ẹni tí kò mọ ìtàn náà, ẹ pa iná, kí ẹ sì máa wo ojú onítọ̀hún dípò fíìmù náà.

Àwa òǹkàwé yín tó ń ṣe ẹ́dítìn fíìmù,
Kubwa, Àbújá