Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Aránṣọ àti Agéṣọ: Ẹ Bá Wa Yọ Àgádágodo Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà

Sí ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ àti ọ̀gá àwọn panápaná,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ fi òfin de títi ìlẹ̀kùn ilé ìránṣọ pa nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Olè ni àwọn onílé-iṣẹ́ ń sá fún, a mọ̀. Síìpù àti aṣọ gígé kò ṣòro láti kó sínú báàgì. Ṣùgbọ́n àgádágodo kan náà ló ń sé òṣìṣẹ́ mọ́nú iná. Ní New York, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, ènìyàn 146 kú nínú iná ní ilé ìránṣọ Triangle, nítorí wọ́n ti ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn àbájáde pa. Ní Karachi, ní Pakistan, lọ́dún 2012, ó lé ní 250 tó kú nínú iná ní ilé ìránṣọ kan níbi tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, tí irin sì dí fèrèsé. Ọdún 101 ló wà láàárín wọn!

Ẹ wo bí iná ṣe ń ràn. Ẹ̀gbọ̀n òwú ń kó jọ sára mọ́tò máṣíìnì, ègé aṣọ kún abẹ́ tábìlì. Máṣíìnì mẹ́fà àti áyọ́ọ̀nù méjì wà lórí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan, wáyà gbóná, rọ́bà rẹ̀ yọ́. Fíúsì tó yẹ kó já, wọ́n ti fi wáyà bàbà tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Kò ní já mọ́, wáyà inú ògiri ni yóò jó. Bí poliẹ́sítà bá wá gbiná, èéfín rẹ̀ á ti dá ènìyàn dúbúlẹ̀ kí ọwọ́ iná tó kàn án.

Nítorí náà, kí yàrá tó bá gbà ju ogún máṣíìnì lọ ní ìlẹ̀kùn méjì tó jìnnà síra, tó ń ṣí síta, tí ènìyàn lè fi ara tì láìwá kọ́kọ́rọ́. Kí ọ̀nà àárín máṣíìnì fẹ̀ tó mítà kan, kí ìdì aṣọ má sì sí lórí àtẹ̀gùn. Ní ti olè, agogo tó ń dún bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn àbájáde ti tó. Kí ẹ̀ṣọ́ máa yẹ báàgì wò ní géètì. Kí wọ́n sì kọ iye mítà aṣọ tí agéṣọ gbà sílẹ̀, kí wọ́n fi wé iye ègé tó dá padà; èyí tó bá dín, ọjọ́ náà gan-an ni yóò hàn.

Jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú, ìsàlẹ̀ níta ni kó wà. Ní Rana Plaza, ilé tí ọ̀pọ̀ ilé ìránṣọ wà nínú rẹ̀ ní Bangladesh, òkè ilé ni wọ́n gbé e sí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ògiri sán. Báńkì ìsàlẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ilé ìránṣọ ní kí àwọn aránṣọ padà síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ náà ni ilé náà wó lulẹ̀, ó sì lé ní 1,100 tó kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá rí ògiri tó sán tó sì jáde, kí ẹnikẹ́ni má gé owó rẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ onírin fún agéṣọ àti ìdáàbòbò abẹ́rẹ́, ẹgbẹ́ yóò bójú tó ìyẹn fúnra rẹ̀.

Ẹ fún àwọn onílé-iṣẹ́ ní 60 ọjọ́ láti pààrọ̀ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ayẹ̀wò wá lásìkò iṣẹ́, láìkéde: bí wọ́n bá ti gbọ́ ọjọ́ tẹ́lẹ̀, àgádágodo á ti kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹgbẹ́ yóò yan ẹni méjì tí yóò máa bá wọn rìn.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aránṣọ àti agéṣọ