Àjọkẹ́, wọ́n ṣì ń rántí Òkè-Àfà

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí baálé rẹ àti àwọn ọmọ. O kú òtútù, nítorí mo gbọ́ pé ti ọdún yìí le lọ́dọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ tó o kọ sórí fóònù tẹ̀ mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìka kan tẹ̀ nínú mọ́tò, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà.

O ní àkọ́bí rẹ rí ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù tó dún n'Íkẹjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wá ń bi ọ́ ní ìbéèrè. O ò rí nǹkan gúnmọ́ sọ fún un torí o ti kúrò ní Èkó kó tó ṣẹlẹ̀. O wá bi mí bóyá àwọn èèyàn tiẹ̀ ṣì ń rántí. Wọ́n ń rántí, Àjọkẹ́. Àmọ́ nínú ohun tí wọ́n ń rántí, ìdajì ló wà níbẹ̀, ìdajì yòókù ni mo sì fẹ́ kí ọmọ rẹ mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni, 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ. Iná kan ràn dé ibi tí àwọn sójà kó bọ́ǹbù àti ọta ńláńlá pamọ́ sí ní báráàkì Ìkẹjà. O mọ̀ pé báráàkì ọ̀hún kò sí nínú igbó. Èkó ti kọ́lé yí i ká: Òṣòdì níhìn-ín, Onígbòǹgbò lọ́hùn-ún, Mafolúkù tiwa náà ò jìnnà. Nígbà tí àkọ́kọ́ dún, mo rò pé gáàsì ẹnìkan ló bú. Èkejì já fèrèsé wa bọ́ lára ògiri. Kí ẹ̀kẹta tó dún, ojú ọ̀run apá ibẹ̀ ti pọ́n, kò sì sẹ́ni tó dúró wá bàtà mọ́.

Ọmọ rẹ ní láti mọ bí ìgbà náà ṣe rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò rò pé òmùgọ̀ ni gbogbo wa. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Oṣù kan ó lé díẹ̀ ṣáájú ni wọ́n yìnbọn pa Olóyè Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́, nínú ilé rẹ̀ n'Íbàdàn. Ọkàn ò balẹ̀ níbikíbi. Torí náà, bí bọ́ǹbù ṣe ń dún léraléra, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn ni pé sójà ti tún gbàjọba. Àwọn kan ní ogun ni. Bàbá kan ń sáré kọjá, ó ń pariwo pé ọkọ̀ òfurufú ló já. Fóònù alágbèéká ò tíì pé oṣù mẹ́fà nílẹ̀ yìí nígbà yẹn, olówó ló ń lò ó. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n pé ìjàǹbá ni, pé kì í ṣe ọ̀tẹ̀, àwọn tó ń sá ti rìn jìnnà, ẹni tó ń sá fún ẹ̀mí rẹ̀ kì í sì í gbé tẹlifíṣọ̀n dání.

Gbogbo wa kọrí sí ọ̀nà Ìsọlọ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká gba ibẹ̀. Ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú ni kálukú ń tẹ̀ lé. Orúnkún ìyá mi ló yọ wá. O mọ orúnkún yẹn, kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí a dé etí márosẹ̀ tó lọ sí Apápá, wọ́n jókòó sórí bíríkì kan, wọ́n ní ẹsẹ̀ ti pin, kí n máa lọ. Mo fi ìbínú jókòó tì wọ́n. Èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́, ẹrù lórí. Obìnrin kan ń fa ọmọ méjì, ó tún ń pe orúkọ ẹ̀kẹta.

Púpọ̀ nínú àwọn tó kọjá lára wa yẹn ló wọ inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́bàá kánálì Òkè-Àfà. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó dákẹ́, ó sì jìnnà sí bọ́ǹbù; lójú ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ibi ààbò nìyẹn. Ewéko ti bo ojú omi náà pátápátá, kò sí iná, kò sí ọgbà. Ẹni tó wà níwájú gbẹ́sẹ̀ lé ewé, ó ṣebí ilẹ̀ ni. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò mọ̀, wọ́n ń tì í. Báyìí ni wọ́n ṣe ń wọ inú rẹ̀ tẹ̀ léra, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. O mọ àdúrà tí a máa ń gbà níbi ìkómọ, pé òjúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò? Mo ṣì ń ṣe àmín sí i. Ẹnu mi ló ń ṣe é.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa òkú jáde. Àwọn tó kú lé ní 1,000. Bọ́ǹbù pa tirẹ̀ nínú báráàkì àti ní àyíká rẹ̀, ìdílé àwọn sójà fúnra wọn sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi pa ju bọ́ǹbù lọ. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyí, Àjọkẹ́. Ibi tí èèyàn kú sí jù, ó jìnnà sí bọ́ǹbù. Bí a bá ti ní bọ́ǹbù ló pa wọ́n, kíá ni ọ̀rọ̀ á di àmúwá Ọlọ́run, kálukú á palẹ̀ mọ́. Bí a bá ní omi ni, a ó ní láti bèèrè pé ta ló yẹ kó sọ̀rọ̀ tí kò tètè sọ̀rọ̀, ta ló yẹ kó mọ ọgbà sétí kánálì, ta ló sì fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sáàárín ilé àwọn èèyàn títí tó fi gbó.

Pé ó ti gbó yẹn, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ọ̀gá àwọn ológun tó wà ní báráàkì ọ̀hún tọrọ àforíjì, ó ní ibi ìpamọ́ àtijọ́ ni, pé wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ààrẹ Ọbásanjọ́ dé lọ́jọ́ kejì. Àwọn èèyàn ń pariwo, ó sì fi ìbínú sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́, pé kò pọn dandan kí òun wá. Ó padà ṣàlàyé pé òun ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ̀mí ti ṣòfò. Títí dòní, àwọn ará ibí ṣì ń fi gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn sọ̀rọ̀. Ní tèmi, àlàyé ló dùn mí ju èébú lọ. Ilẹ̀ ti mọ́, gbogbo Ìsọlọ̀ ti ń sunkún, ẹni tó ga jù nílẹ̀ yìí ò sì tíì gbọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọlọ́pàá daṣẹ́ sílẹ̀, tí ìjà Yorùbá àti Hausa sì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìdí-Àràbà. Ìròyìn tuntun bo ti àná mọ́lẹ̀. Bí Èkó ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn.

Ẹni tí kò lè palẹ̀ mọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. O rántí Ìyá Aláṣọ, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa? Ọmọ wọn ọkùnrin kékeré já mọ́ wọn lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n wá a dé ọsibítù, wọ́n wá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n wo òkú tí ojú èèyàn ò ṣeé wò. Wọn ò rí i, àtòkú àtààyè. Àwọn àgbà ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Mi ò mọ bí òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jinlẹ̀ tó àfìgbà tí mo bá Ìyá Aláṣọ gbé ilé kan náà. Onílé fi owó kún owó ilé títí, wọn ò kó jáde. Àwọn ọmọ wọn tó kù ti kọ́lé sí Ìkòròdú, wọ́n ti tún yàrá ṣe dè wọ́n, wọn ò lọ. Wọ́n ní ilẹ̀kùn yìí ni ọmọ náà mọ̀.

Lọ́dún 2006 tí wọ́n ń ka èèyàn káàkiri Nàìjíríà, ọmọbìnrin kan gbé ìwé dé ilé wa. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ìjọba ní láti kà á. Ìyá Aláṣọ ní ọmọ mẹ́rin. Ọmọbìnrin náà wo inú yàrá, ó ní, "Mọ́mì, mẹ́ta ni mo rí."

Wọ́n ní, "Kọ mẹ́rin."

Ó wojú mi. Mo mi orí sí i. Ó kọ mẹ́rin.

Ní ti ìrántí tó o béèrè, ibi ìrántí wà ní Òkè-Àfà. Bí 27 oṣù kìíní bá ti pé, àwọn mọ̀lẹ́bí á péjọ síbẹ̀, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á fi òdòdó lélẹ̀. Àwọn aṣojú ìjọba á sọ̀rọ̀ dídùn. Àwọn mọ̀lẹ́bí náà á sọ tiwọn, pé ìrànwọ́ tí wọ́n ṣèlérí kò dé ọwọ́ àwọn bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ tó di aláìníyàá lọ́dún yẹn ti ń bímọ báyìí, ẹjọ́ owó náà ò tíì parí.

Nínú ara wa, kò tíì lọ. Ní 15 oṣù kẹta ọdún 2020, ọjọ́ Àìkú náà ni, nǹkan bú gbàù ní Abúlé-Àdó, ó mi ilé wa níbí. Ìyá mi, pẹ̀lú orúnkún yẹn, ti dé géètì kí n tó dìde. Mo rẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín. Lóṣù kìíní ọdún 2024, Bódìjà n'Íbàdàn ló kàn. Gómìnà Mákindé ní àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan láàárín àdúgbò. Ilé wó, èèyàn kú, ìlú Ìbàdàn sì gbọ́ ọ káàkiri. Mo pa rédíò. Ó ti lé ní ogún ọdún sí ti Ìkẹjà, ohun tó ń pa èèyàn ṣì ń bá wa sùn lábẹ́ òrùlé, aládùúgbò ò sì mọ̀.

Bí ọmọ rẹ bá fẹ́ kọ ọ́ fún àwọn tíṣà rẹ̀, kó kọ Òkè-Àfà sínú rẹ̀, kó má fi mọ sí Ìkẹjà. Bí ẹ bá sì lè wálé lóṣù kìíní bó o ṣe ń sọ, a jọ máa lọ. Àárọ̀ ni ká lọ, torí oòrùn ibẹ̀ ò ṣàánú èèyàn. Mú ọmọ náà dání, jẹ́ kó jókòó ti Ìyá Aláṣọ. Wọ́n fẹ́ràn kí èèyàn máa bi wọ́n léèrè nípa ọmọ yẹn, bó ṣe ń ṣe nígbà tó wà nílé, orin tó máa ń kọ, oúnjẹ tí kì í jẹ. Àwa aládùúgbò la ń bẹ̀rù láti béèrè. Bá mi wo iye tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́, kó o sọ fún mi kí n tètè tún yàrá ẹ̀yìn ṣe.

Ìyá mi ń kí ọ o. Bá mi kí baálé rẹ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Mafolúkù