Ẹ Kọ Ibi Tí Ẹjọ́ Náà Parí Sí: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ẹ Ń Kọ Wikipedia

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún yín, àpò ara yín ni ẹ ti ń ra dátà. Iṣẹ́ náà dára, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi gbé fóònù rẹ̀ wá kí n ka ohun tó kọ nípa alága ìjọba ìbílẹ̀ kan tẹ́lẹ̀. Ìlú ọkùnrin náà, ìwé tó kà, iṣẹ́ tó ṣe, gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin. Ẹ̀sùn owó tí wọ́n fi kàn án gba odindi ìpínrọ̀ mẹ́ta. Mo ní, "Báwo ni ẹjọ́ yẹn ṣe parí?" Ó ní òun ò mọ̀. Èmi mọ̀. Ilé ẹjọ́ dá a láre. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni ìwé ìròyìn gbé ẹ̀sùn náà sí. Ìdáláre rẹ̀, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n fi sí, lábẹ́ ìpolówó bátìrì. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí ọmọ yìí kọ, síbẹ̀ ẹni tó bá kà á á máa pe ọkùnrin yẹn lólè.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún 10 ní 1963, òótọ́ ni. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé Gowon dá a sílẹ̀ ní 1966, tó sì fi í ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ní 1967.

Ìyẹn á rọ̀ yín lọ́rùn, torí ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn Awólọ́wọ̀. Akíntọ́lá, tó jẹ́ olórí ìjọba (premier) Ìwọ̀ Oòrùn lẹ́yìn Awólọ́wọ̀, ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ilé tí wọn kì í ti í dárúkọ rẹ̀ láìṣépè ni wọ́n ti tọ́ mi. Ọmọdé ni mí nígbà "wetie", tí wọ́n ń fi epo bẹntiróòlù dáná sun ilé àti ènìyàn nítorí òṣèlú, mo sì rí ilé tó ń jó. Ẹ má bo màgòmágó ìbò 1965 mọ́lẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ìjọba rẹ̀ náà ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣòfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961.

Ẹ wá wo ẹjọ́ òun àti Adégbénró. Ní oṣù Karùn-ún 1962, àwọn aṣòfin 66 fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn ò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jẹ́ gómìnà, yọ ọ́, ó sì fi Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa ní kò tọ́, pé inú ilé ìgbìmọ̀ ló yẹ kí wọ́n ti dìbò. Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn tí a ṣì ń pẹjọ́ lọ nígbà náà, ní ó tọ́, ní 1963. Kíá ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn yí òfin padà, kí ìdájọ́ náà má baà mú un. Ẹni tó bá mú ìdájọ́ àkọ́kọ́ nìkan, Akíntọ́lá ni wọ́n fìyà jẹ. Ẹni tó bá mú èkejì nìkan, jàǹdùkú lásán ni Akíntọ́lá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra, kí ẹ jẹ́ kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ dájọ́.

Ẹni tó wà láàyè tún gba ìṣọ́ra jù. Ní 2005, ẹnì kan kọ ọ́ sí Wikipedia pé wọ́n fura sí John Seigenthaler, oníròyìn Amẹ́ríkà, pé ó lọ́wọ́ nínú ikú Ààrẹ Kennedy àti àbúrò rẹ̀ Robert. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó gbé pósí Robert! Irọ́ náà wà níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin le: ọ̀rọ̀ tó lè ba orúkọ alààyè jẹ́, bí kò bá ní ìtọ́kasí, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ẹni tó kọ ọ́.

Mo fún ọmọ àbúrò mi lówó ọkọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ló ń lọ sí yàrá ìkàwé láti wá ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn, kó ya àwòrán ojú ewé inú náà, ìpolówó bátìrì àti gbogbo rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá yín, ní Ìbàdàn.