Ẹ̀sùn lórí síkiọ́rítì yín tó fipá mú mi pa fọ́tò rẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ń bí mi, ẹ má bínú tọ́rọ̀ mi bá le. Lánàá ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, títì ìjọba o, kì í ṣe inú ọgbà yín, mò ń ya bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lára gíláàsì ilé yín, àfi bí síkiọ́rítì yín kan ṣe sáré jáde tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo lẹ́ǹsì kámẹ́rà mi, ọ̀rá ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní wọn kì í ya ilé yìí, kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lójú òun àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gba kámẹ́rà. Mo ní òfin wo? Ó ní òfin iléeṣẹ́. Ìgbà wo ni òfin iléeṣẹ́ yín dé orí títì? Ilé tí gbogbo ayé ń wò lórí Google Street View, àwòrán títì tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì!

Tó bá jẹ́ inú ọgbà yín ni, ẹjọ́ mi ò ní pọ̀, ẹ̀yin lẹ nilé, tẹ́ ẹ bá ní kí n má yà màá kó ẹrù mi jáde. Àmọ́ kẹ́ ẹ ní kéèyàn jáde yàtọ̀ sí kẹ́ ẹ gba kámẹ́rà ẹ̀. Ọlọ́pàá gan-an ò tó bẹ́ẹ̀: àwọn ti London kọ ọ́ síta pé èèyàn ò nílò ìwé àṣẹ láti ya fọ́tò níta gbangba, pé àwọn ò sì lágbára láti pa fọ́tò ẹnikẹ́ni rẹ́ táwọn bá ń yẹ ara ẹ̀ wò, àfi tí nǹkan bí àṣẹ kóòtù bá wà. Ká má tíì wá sọ síkiọ́rítì.

Mo pa á rẹ́ torí mi ò fẹ́ ìjà. Ohun tí ò mọ̀ ni pé téèyàn bá pa fọ́tò rẹ́, fọ́tò ọ̀hún ṣì wà nínú káàdì títí òmíì á fi gorí ẹ̀, ni mo bá yọ káàdì yẹn lójú ẹsẹ̀, mo délé mo fi kọ̀ǹpútà fà wọ́n padà, mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá. Méjì tó bàjẹ́ yẹn ló dáa jù.

Ẹ kọ̀wé àforíjì sí mi, kẹ́ ẹ sì mú ọmọ yẹn dé ẹnu géètì, kẹ́ ẹ fi ibi tí ilẹ̀ yín parí sí hàn án. Mi ò ní kẹ́ ẹ lé e o, ẹni rán an níṣẹ́ ló jẹ̀bi jù. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín, lẹ́yìn ẹ̀ ó di ọwọ́ lọ́yà.

Èmi oníkámẹ́rà àná