Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn lọ bá wọn gbé wáyà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí ìyá kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n ní àwọn yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ra ẹ̀rọ DJ fún ọmọ àwọn, pé láti ìgbà yẹn orí tábìlì ni ẹ̀rọ wà, kò sẹ́ni tó pè é sóde, àfi kó máa ju fídíò sórí Instagram ṣáá, ìyá wá ń bèèrè pé ṣé kí àwọn ra èyí tó tóbi jù ú lọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má náwó kún owó. Iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe jẹun n'Íbàdàn níbí láti nǹkan bí 2012, mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ yẹn lẹ́sẹ̀.

Tó bá jẹ́ irú Pioneer DDJ-400 tàbí FLX4 táwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n rà, ó tó o, ó tó ṣe ìsọmọlórúkọ, ó tó ṣe fríìdọ̀mù. Èèyàn ni ọmọ ò ní. Onínàáwó tó fẹ́ ṣe òde ní Sátidé, ẹni tó bá lọ bá sọ̀rọ̀ kánópì àti àga ló máa bi pé "ẹ bá wa wá DJ kan tí ò ní gbówó gọbọi lé wa", tàbí kó bi alága ìdúró, tàbí ẹni tó ń ya fọ́tò. Àwọn wọ̀nyẹn ni Instagram tiwa. Ọ̀gá wa Jimmy Jatt, àgbà DJ Nàìjíríà, ṣebí láti ọdún 1980-ní-ǹkan ló ti ń ṣe é bọ̀, ó ti lókìkí tipẹ́ kí Instagram tó dé ní 2010.

Èmi gan-an, ó lé lọ́dún kan tí mo fi wà lẹ́yìn ọ̀gá mi ní Mọ́kọ́lá tí mi ò fọwọ́ kan míksà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn. Sípíkà ni mò ń gbé, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń rọ epo sí, wáyà ni mò ń ká, wáyà yẹn náà ọ̀gá mi ò ní gbà kí n ká a mọ́ ìgbọ̀nwọ́ torí ó ní ó máa ń já nínú, lóde ara á ṣì dáa, ohùn á máa lọ á máa bọ̀. Ibi ẹrù gbígbé yẹn ni mo ti mọ bàbá kan tó ń rẹ́ǹtì kánópì. A máa ń tètè dé òde, nígbà míì àwọn alásè ò tíì dáná, èmi àtàwọn ọmọ bàbá yẹn la máa wà níbẹ̀, tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ màá bá wọn di okùn kánópì, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kan báyìí, wọ́n ń ṣe fríìdọ̀mù àwọn aránṣọ kan lọ́nà Mọ́niyà, DJ tí wọ́n pè lọ gba iṣẹ́ méjì pọ̀, ó wá pa fóònù. Aago kan ti lù, àwọn ọmọ tó fẹ́ gba sátífíkéètì ti wọ aṣọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán, òógùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àtíkè ojú wọn dànù, kò sí orin. Bàbá kánópì ló ní "ọmọ kan wà tó máa ń bá wa di okùn, ẹ jẹ́ n pè é." Mi ò ní ẹ̀rọ kankan o! Láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi tí Virtual DJ, áàpù tí wọ́n fi ń po orin, wà lórí ẹ̀ ni mo gbé, mo fò sórí ọ̀kadà. Mo ṣe é, ó dùn, àfi ìgbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà lé àwọn ọmọ lórí tí láptọ́ọ̀pù dún "tíín!" nínú sípíkà mẹ́rin pé bátìrì fẹ́ kú, làwọn èèyàn bá ní "Àmín!" ₦4,000 ni wọ́n fún mi. Mo yọ ₦500 fún bàbá, ó ní kí n fi ra wáyà tèmi. Ẹ sì wò ó, gbogbo ẹgbẹ́ aránṣọ àdúgbò yẹn ló wà níjòókòó lọ́jọ́ náà, àwọn náà lọ́mọ iṣẹ́ tó máa gba fríìdọ̀mù. Odidi ọdún kan ni mo fi jẹun lára wọn.

Ọ̀rọ̀ wáyà tí bàbá sọ yẹn, kí ọmọ yẹn fetí sí i dáadáa. Irú ẹ̀rọ kékeré tó ní, ihò wáyà kékeré tí wọ́n ń pè ní RCA ló wà lẹ́yìn ẹ̀, míksà àwọn tó ń rẹ́ǹtì sáńdì, ìyẹn sípíkà àti ẹ̀rọ ohùn, sì rèé, wáyà jack ńlá tàbí XLR onípíìnì mẹ́ta ló sábà máa ń gbà. DJ tó bá mú wáyà RCA sí jack tiẹ̀ dání, àwọn ọmọ sáńdì ò ní gbàgbé ẹ̀. Èyí tí ò bá mú un wá á kàn dúró tì wọ́n bí alágbe ni.

Ibi tó wá burú sí nìyí. Mo mú ọmọkùnrin kan lọ síbi ìgbéyàwó, mo yà kí ìrun Àsárì, kí n tó dé ó ti fún àǹtí ìyàwó ní nọ́ńbà ara ẹ̀, ó ní ìdajì iye tí mo gbà lòun máa gbà. Àǹtí yẹn ló fẹnu ara wọn sọ fún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a jà. Mi ò kàn pè é mọ́ ni, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ náà ò pè é. Bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ "ọ̀gá mi ló niṣẹ́, ẹ gba nọ́ńbà wọn" ló sọ ni, tí Disẹ́ńbà bá dé tí òde mẹ́ta já lu ara wọn lọ́jọ́ Sátidé kan, ta ni mo fẹ́ kó méjì yòókù fún? Mi ò ṣáà lè la ara mi sí mẹ́ta.

Ti "wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ káwọn èèyàn ńlá lè rí ẹ" ńkọ́? Tó bá jẹ́ aládùúgbò tó ń fún un lóúnjẹ ni, kó lọ. Tó bá jẹ́ ilé ọtí tó ń tajà lórí orin ẹ̀, kó gba owó ọkọ̀ ó kéré tán. Ẹnìkan lò mí Fraidé mẹ́fà bẹ́ẹ̀, bíà ló fi ń san án fún mi, èmi tí mi ò sì ń mutí.

Kó má pa Instagram tì ṣá o, àmọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó ni kó máa gbé síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ara ẹ̀ lórí bọ́tìnì, kó sì máa dárúkọ alága àti alásè ọjọ́ náà sí i, àwọn náà á gbé e. Tí Lẹ́ǹtì àti Ààwẹ̀ bá dé tí òde dá, ìgbà yẹn gan-an ni kó lọ máa kí wọn nílé.

Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín ní ọ́fíìsì, ẹ bá mi fún ìyá yẹn. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, mo ní òde ní Àpáta lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ la máa gbéra. Kí ọmọ náà fi ẹ̀rọ ẹ̀ sílé, kó wọ bàtà tó máa lè fi gbé sípíkà.

Èmi ni,
DJ kan láti Ọ̀jọ́ọ̀, Ìbàdàn.