Àbẹ̀kẹ́, ta ló mọ̀ ẹ́ ní Kobe?

Àbẹ̀kẹ́ mi, àsàlámù àlékúmù. Bàbá ẹ nìyí o. Kàmọ́rù ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ń sọ, òun ń tẹ̀, tó o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣe wọ́kuwọ̀ku òun ni kó o bá wí.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Má fi OK dá mi lóhùn. OK, OK, gbogbo ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹ wá láti ìgbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ìyá ẹ á kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí ẹ, àmì búlúù méjèèjì á yọ, a mọ̀ pé o ti kà á, a ó máa wojú fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú, OK. Ṣé wọ́n ń gba owó orí lórí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni?

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni pé ọmọ Ìyá Ṣèrífá tó wà ní Tokyo pe ilé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní láti ìgbà ariwo Kisarazu yẹn àwọn ọmọ wa kan níbẹ̀ kì í fẹ́ sọ ibi tí wọ́n ti wá mọ́, ó ní òun tiẹ̀ gbọ́ pé ọmọ Ìṣẹ́yìn tó wà ní Kobe kì í yọjú síbi kankan mọ́. Ọmọ Ìṣẹ́yìn mélòó ló wà ní Kobe?

Ọ̀rọ̀ Kisarazu yẹn, èmi gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ṣe ìpàdé Japan àti Áfíríkà ní Yokohama ní August 2025, àwọn JICA wọn, àjọ ìjọba wọn tó ń ran ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, mú ìlú mẹ́rin ní Japan, wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ìlú ọ̀rẹ́ fún orílẹ̀-èdè mẹ́rin nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n fi Kisarazu ṣe tiwa. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi bí àwọn ará Abuja ṣe gbé ìwé jáde pé Japan máa ṣe físà pàtàkì fún àwọn ọ̀dọ́ wa, làwọn ará ibẹ̀ bá gbọ́ ọ sí pé wọ́n fẹ́ kó àwọn adúláwọ̀ wá dà sáàárín ìlú wọn. Ìpè ò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú yẹn rójú ṣiṣẹ́. Ìjọba Japan ní kò sí físà kankan tó jọ bẹ́ẹ̀, ta ló máa gbọ́, nígbà tó di 25 September wọ́n fagi lé gbogbo ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo ní ìjọba wa náà ni, wọ́n á gbọ́ ọ̀kan wọ́n á sọ mẹ́wàá. Nígbà tí mò ń rín ẹ̀rín yẹn, kò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi pé mo ní ọmọ níbẹ̀.

Ṣé ẹnì kan sọ nǹkan sí ẹ lójú títì? Ṣé wọ́n ní kó o máa lọ sílé yín? Sọ ọ́. Mi ò ní ní kó o padà wálé, oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ náà lètò ẹ parí, ṣùgbọ́n sọ ọ́.

Rántí ohun tó o sọ fún wa nígbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ò ń rẹ́rìn-ín? O ní ọkọ̀ ojú irin á kún, àwọn èèyàn á dúró fún ara wọn, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ẹ á sì ṣófo. O ní ìyá àgbàlagbà kan wo ìjókòó yẹn, ó wo fóònù ẹ̀, ó na ọwọ́ di okùn òkè mú, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìwọ wá gbé báàgì ẹ síbẹ̀. O ní, "Bàbá, mo gbé e síbẹ̀ kó lè jọ pé báàgì ló ní in." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ báàgì yẹn ò kúrò lára mi o, mo máa ń wà nídìí òfì kó dédé sọ sí mi lọ́kàn.

Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Ìwọ náà lo sọ ọ́ pé o béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ bàbá kan, ó sìn ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ibi tó ò ń lọ kó tó padà sí ọ̀nà tiẹ̀. Pọ́ọ̀sì ẹ sọnù, wọ́n dá a padà, owó pé. Ṣé ní gáréèjì wa níbí lo ti máa rí i? Obìnrin ọ́fíìsì tó máa ń ka ẹ̀yìn páálí oúnjẹ fún ẹ láti wò ó bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀, kí Ọlọ́run fún un lọ́mọ tó máa tọ́jú ẹ̀. O sọ ọ̀rọ̀ méjì péré ní èdè wọn, wọ́n á ní há, o gbọ́ ọ dáadáa. Ó dáa. Wọn ò lù ẹ́, wọn ò bú ẹ, kò síbi tí mo lè nàka sí pé ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ ẹ́ rèé. Ìyẹn gan-an lẹ̀rù ẹ̀. Tó o bá sùn tó ò dìde, ta ló máa kanlẹ̀kùn?

Ìyá àgbà ń kí ẹ, orúnkún ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti gbé tiransifọ́mà àdúgbò wa lọ, wọ́n ní a máa dá owó, èmi ò ní dá nǹkan kan. Ewúrẹ́ ìyá ẹ bí ìbejì.

Ẹ̀wẹ̀, káàdì ìgbélùú tí wọ́n fún ẹ ní pápákọ̀ òfuurufú, ṣé ara ẹ ló wà? O sọ lọ́jọ́ kan pé o sáré ra búrẹ́dì, ọlọ́pàá ní kó o mú káàdì wá, o ní ó wà nílé. Ṣé orí ẹ dá ṣá? Òfin wọn ni pé kó o máa mú un kiri, fáìnì ẹ̀ lè dé 200,000 yen. Wọ́n tún lè dá ẹ dúró lọ́la, torí àwọ̀ ẹ ni wọ́n ń wò, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kódà àwọn mẹ́ta tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè pe ìjọba lẹ́jọ́ ní Tokyo ní January 2024 lórí irú ìdádúró yẹn gan-an, ọ̀kan nínú wọn ti di ọmọ Japan pàápàá. Àwọn ló ní ẹjọ́ yẹn. Ìwọ mú káàdì ẹ dání.

Iṣẹ́ ńkọ́? Wákàtí 28 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbàṣẹ, ìgbà ìsinmi gígùn nìkan ló lè ju bẹ́ẹ̀. Tí owó ò bá tó, sọ fún mi, mo máa ta nǹkan. Má jẹ́ kí físà bọ́ lọ́wọ́ ẹ nítorí abọ́ tó ò ń fọ̀. Ọmọ Sri Lanka kan wà, Wishma Sandamali, ẹni ọdún 33. Akẹ́kọ̀ọ́ ló bá wọ Japan ní 2017, èdè ló wá kọ́, nígbà tó yá ìwé ìgbélùú ẹ̀ ò dáa mọ́, wọ́n fi í sí àtìmọ́lé àwọn ìmígíréṣọ̀n ní Nagoya. Ó ń ṣàìsàn níbẹ̀, ó ń sọ ọ́, àwọn kan rò pé ó ń díbọ́n ni, 6 March 2021 ló kú. Àárín èèyàn ló wà o. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà ẹ́. Irọ́ ni, láti dẹ́rù bà ẹ́ ni.

Ìyá ẹ ní kí n má fi àwọn tó ti là pọ́n ẹ lójú, torí mo fẹ́ sọ ti ọkùnrin Mali yẹn, Oussouby Sacko, tó dé Kyoto ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ lásán, tó wá di ààrẹ yunifásítì Kyoto Seika ní 2018. Ó dáa, mi ò sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n kọ̀ fún ẹ yẹn náà dùn mí, pé àwọn ò gba àjèjì, kí ilé ìwé tó bá yín wá èyí tó o wà yìí. Kì í ṣe orí tìẹ nìkan, ìjọba wọn fúnra wọn ṣe ìwádìí, wọ́n gbé e jáde ní 2017, nínú 100 àjèjì tó wá ilé, bíi 39 ni wọ́n ti sọ irú ẹ̀ fún. Àwọn ibòmíì tún máa ń gba owó ọpẹ́, pé o dúpẹ́ lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù tó jẹ́ kó o san owó fún òun! Àwa tá a nílé níbí ò tíì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Èmi ò kọ ilé fún ẹnikẹ́ni rí o. Ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́, mo máa ń gbà á, ìbáà jẹ́ ará ibi tó wù kó jẹ́.

Kàmọ́rù ti jáde, mo ní kó lọ ra káàdì wá. Èmi fúnra mi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, bó bá ní àṣìṣe fojú fò ó.

O ò lè rántí kọ́pà tó gbé yàrá ẹ̀yìn, ọmọ Tiv ni, láti Benue, o ṣì kéré gan-an. Ó mọ̀ọ̀yàn kí. Ẹ káàárọ̀ sà ló máa ń sọ láti àárọ̀ di alẹ́, a máa ń rẹ́rìn-ín, a ó ní há, o ti gbọ́ Yorùbá. Hausa la máa ń pè é. Ó ní òun kì í ṣe Hausa, a ní kò burú, lọ́jọ́ kejì Hausa náà la tún pè é. A ò ṣe é ní nǹkan kan, Àbẹ̀kẹ́. Tá a bá ń jẹun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń kọjá a ó ní ó yá wá bá wa jẹun, a mọ̀ pé kò ní jókòó, gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́dọ̀ wa kò sẹ́ni tó fa àga fún un.

Ìgbà tó yá, korobá ẹ̀ tó máa ń gbé lọ sídìí kànga ò kúrò lójú kan mọ́. Ewé ń já sínú ẹ̀. Ìyá ẹ ní kí n lọ wò ó, mo ní ó ti lọ sílé wọn ni. Ó tún sọ ọ́. Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, ṣé èmi ni mo bí i ni. Nígbà tá a wá já ilẹ̀kùn, kò lè gbé orí, ètè ẹ̀ ti bó, ó ń sọ èdè wọn sí ògiri. Táífọ́ọ̀dù ni. Kò kú, ọsibítù dá a dúró, ó padà bọ̀ sípò. Bàbá ẹ̀ wá láti Gboko, ó wọ mọ́tò mọ́jú, ó kó iṣu dání, iṣu ńláńlá, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń dúpẹ́ pé a ṣe ọmọ òun bí ọmọ. Èmi náà ní àmín. Mo gba iṣu. A gún un, ìwọ náà jẹ níbẹ̀.

Mi ò mọ orúkọ ọmọ yẹn. Mo ti bi ìyá ẹ, òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí mo fi ń dà ẹ́ láàmú nìyẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, pé èèyàn á dáa sí èèyàn, á kí i, á yìn ín, kó má sì mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ẹnì kan lè wà ní ilé tó o wà yẹn lónìí tó ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé ó ti lọ sílé wọn ni.

Torí náà, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ojú ń tì ẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ náà, tí wọ́n bá kó dé ilé tuntun, wọ́n máa ń mú ẹ̀bùn kékeré lọ kí ará ilé ọ̀tún àti tòsì, o ò ṣe é nígbà tó o dé, mo bi ẹ́, o ní àwọn èèyàn ibẹ̀ ò fẹ́ wàhálà. Lọ ṣe é báyìí. Mo máa fi aṣọ òkè ránṣẹ́, borùn kékeré méjì, àláárì, ọwọ́ mi ni mo fi hun ún. Kan ilẹ̀kùn, tẹríba bí wọ́n ṣe ń ṣe, sọ orúkọ ẹ kó yé wọn, béèrè tiwọn. Tí wọn ò bá ṣílẹ̀kùn, gbé e kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn kó o kọ orúkọ ẹ sí i. Kó o sì lọ kí Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí Kobe yẹn, jàre. Láti 1935 ló ti wà níbẹ̀, bọ́ǹbù ogun ò rí i wó, ìmìtìtì ilẹ̀ 1995 tó pa èèyàn tó lé ní 6,000 ò rí i wó, ìwọ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé débẹ̀, o ní ó rẹ̀ ẹ́. Tí ara bá ń gbóná, má dá ògùn lò nínú yàrá, ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ní kí ẹ gbà yẹn, ìdá 30 nínú 100 lo máa san, òun á bá ẹ gbé ìyókù. 119 ni wọ́n ń pè fún ambúláǹsì. Kọ ọ́ sára ògiri.

Kó o bá mi bẹ obìnrin tó ń ka páálí oúnjẹ yẹn, kó jẹ́ kí n ní nọ́ńbà ẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè ẹ̀, kò gbọ́ tèmi, Kàmọ́rù ní fóònù máa ń túmọ̀ ẹ̀. Mi ò ní dà á láàmú. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí mo lè pè tó máa lọ kanlẹ̀kùn.

Ọjọ́ Sunday, agogo kan ọ̀sán wa, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tiyín nìyẹn, a máa pè ẹ́ ní fídíò, kí n rí ojú ẹ kí n sì rí inú yàrá yẹn, gbé fóònù yípo. Tó bá dọ̀tí mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo máa sọ díẹ̀.

Mò ń gbọ́ ohùn Kàmọ́rù lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa fi èyí ránṣẹ́ kó tó wọlé, torí tó bá kà á ó máa gbé e fún ìyá ẹ, ìyẹn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi létí pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun sọ ọ́.