Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí ọkọ̀ ojú omi tuntun tó máa gbé wa lọ Alaska

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ ṣé àdúrótì, ẹ kú ìnáwó.

Mo mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan. Látìgbà tí mo ti gbé e sórí WhatsApp pé a ò ní bá ọkọ̀ tá a máa ń bá lọ Alaska lọ mọ́, pé ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Holland America la máa wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, fóònù mi ò sinmi. Ẹnìkan ní ṣé mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fún mi lówó gidi ni. Ẹlòmíì ní ọkọ̀ àwọn arúgbó ni mo fẹ́ kó ọmọ òun sí. Màmá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, tó jẹ́ pé àwọn ló kó ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wọn wá bá wa níbẹ̀rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ bínú, wọ́n kàn fi voice note ránṣẹ́ pé "ọmọ mi, kí ló ṣe ti tẹ́lẹ̀?" Ìyẹn ló wọ̀ mí lára jù, torí ohùn ìyá ni wọ́n fi bèèrè, ọ̀rọ̀ náà ò sì ṣeé ṣàlàyé lórí voice note. Ẹ jọ̀ọ́, ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iye tí àwọn bá san fún ọkọ̀, àwa tá a bá wọn ṣètò ẹ̀ ń gé tiwa lára gbogbo ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó orí àti owó èbúté wà níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tiwa, a ò sì retí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Alaska nìkan ń gba 34.50 dọ́là lórí orí kọ̀ọ̀kan tó bá bá ọkọ̀ ńlá wá, kò burú, ìjọba ló ni ilẹ̀ wọn. Àmọ́ apá kan tún wà nínú owó ọkọ̀ gangan tí iléeṣẹ́ á yà sọ́tọ̀, wọ́n á ní kọmíṣọ́nnù ò kan ibẹ̀, wọ́n ń pè é ní NCF. Ẹ̀yin ò lè rí i lórí ìwé yín, àwa là ń rí i lórí tiwa. Iléeṣẹ́ tá a fi sílẹ̀ yìí, ọdọọdún ni apá yẹn ń wú sí i tí tiwa ń rù. Ẹ̀yin ń san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwa ń gba ohun tó dín, síbẹ̀ èmi ni ẹ máa pè láàárín òru tí orúkọ inú páṣípọ́ọ̀tù bá yàtọ̀ sí tinú tíkẹ́ẹ̀tì, màá sì gbé e, mo máa ń gbé e, ẹ̀yin náà lè jẹ́rìí sí i.

Mo fara mọ́ ìyẹn o. Ibi tí wọ́n ti wá kàn mí lójú egbò ni ètò àwọn tó ń rìn pọ̀. Bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ ni pé tá a bá ti kó èèyàn 16 jọ, wọ́n á fún wa ní ààyè ẹnìkan lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò fi ààyè yẹn gbé ìyàwó mi lọ gbafẹ́ rí. Bọ́ọ̀sì tó ń kó yín ní Sea-Tac, pápákọ̀ òfuurufú Seattle, dé èbúté, tẹ́ ẹ rò pé ọ̀fẹ́ ni, owó ààyè yẹn la fi ń san án. Àti páálí omi, àti káàdì tá à ń so mọ́ àpótí, gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti yí òfin ẹ̀ padà, ó ti kúrò ní 16, kò sì kan yàrá tí ò ní fèrèsé mọ́. Yàrá tí ò ní fèrèsé rèé, òun ni ìdajì àwọn èèyàn wa ń rà.

Ọ̀rọ̀ kábínì ló wá parí ẹ̀. A ti di yàrá mú fún ìdílé kan, ìyá àgbà, àwọn ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ, mo ti tò ó pé kí ilẹ̀kùn màmá kọjú sí ti ọmọ wọn obìnrin torí orúnkún wọn. Àkókò tí wọ́n fún wa láti kọ orúkọ sílẹ̀ ò tíì pé. Ọ́fíìsì ti fẹ́ tì ní ọjọ́ Ẹtì ni ímeèlì wọlé pé àwọn yàrá tí orúkọ ò tíì sí lórí ẹ̀, àwọn ti gbà á padà. Kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà, yàrá màmá ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n ní tí mo bá fẹ́ òmíràn, iye tó ń lọ lọ́jọ́ yẹn ni màá san. Mo pe ẹni tó ń mójú tó wa níbẹ̀, ó ní òun náà ò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ta ló wá fẹ́ mọ̀ ọ́n? Èmi ni mo lọ jókòó sí pálọ̀ àwọn èèyàn yẹn tí mo ń ṣàlàyé ohun tí mi ò ṣe. Ẹ wò ó, mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí látìgbà tí àwọn ará wa ní Houston níbí ń sọ pé yìnyín wo la fẹ́ lọ wò, ṣé Dubai ti tán ni. Orúkọ mi ni mo fi ń jẹun, mi ò ní nǹkan míì.

Wọ́n tún wá ń kọ̀wé sí yín lẹ́yìn mi, wọ́n ní kí ẹ máa rà á tààrà lọ́wọ́ àwọn. Àwọn kan nínú yín fi ìwé náà hàn mí, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ṣe é fún yín. Nígbà tó ti débẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè máa fi ọwọ́ ara mi kó èèyàn lọ bá wọn.

Ó tán, mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tẹ́ ẹ máa bá pàdé.

Eurodam lọkọ̀ tá a máa wọ̀. Èèyàn bíi 2,100 ló ń gbà, ó fẹ́ẹ̀ tó ìdajì èyí tẹ́ ẹ mọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn àgbàlagbà pọ̀ níbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Kò sí ibi tí ọmọ á ti máa yọ̀ láti òkè sínú omi, eré orí ìtàgé ò sì ní pariwo tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n ń lu orin dáadáa lálẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé torí eré omi ni àwọn ọmọ ẹ̀ ṣe fẹ́ lọ, kó sọ fún mi ní gbangba, màá bá a wá òmíràn. Ohun tẹ́ ẹ máa rí gbà níbẹ̀ ni àyè. Ẹ ò ní tò gígùn kẹ́ ẹ tó jẹun àárọ̀. Ìpele kan wà tẹ́ ẹ lè rìn lórí ẹ̀ yí gbogbo ọkọ̀ po láìwọ inú ilé rárá, igi ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, àga wà níbẹ̀, àwọn màmá wa tó ń fẹ́ na ẹsẹ̀ á gbádùn ẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ẹ má rò pé àjèjì ni wọ́n sí Alaska. 1873 ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn Dutch, Seattle ni olú ọ́fíìsì wọn wà báyìí.

Glacier Bay, apá òkun tí òkè yìnyín wà létí ẹ̀ ní Alaska, gan-an ló jẹ́ kí n yan wọ́n. Tẹ́lẹ̀, Endicott Arm, ibòmíì tí wọ́n ti ń wo yìnyín, lọkọ̀ máa ń gbé wa lọ, àwọn tó ti bá wa lọ rántí pé ìgbà míì wà tí yìnyín tó fọ́ sójú omi á dí ọ̀nà, ọkọ̀ á yí padà láìjẹ́ pé a rí ohun tá a torí ẹ̀ san owó. Glacier Bay ní tiẹ̀, ọgbà ìjọba àpapọ̀ ni, ọkọ̀ ńlá méjì péré ni wọ́n ń gbà wọlé lójúmọ́, kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló sì níwèé àṣẹ. Àwọn wọ̀nyí ní in. Tí ọkọ̀ bá ti wọbẹ̀ láàárọ̀, àwọn ranger, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọgbà náà, á fi ọkọ̀ kékeré wá bá a, wọ́n á gòkè wá, wọ́n á máa ṣàlàyé fún yín látorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ní 1794 tí àwọn ará ìlú òyìnbó kọ́kọ́ ya àwòrán ibẹ̀, yìnyín ló fẹ́ẹ̀ bo gbogbo ẹ̀ tán, ibi kékeré kan péré lẹ́nu ọ̀nà ni omi wà. Nígbà tó fi máa di 1916, yìnyín ti fà sẹ́yìn tó máìlì 65. Ojú omi tẹ́ ẹ máa wà lórí ẹ̀ yẹn, abẹ́ yìnyín ló wà látijọ́.

Ọkọ̀ á wá dúró síwájú òkè yìnyín tí wọ́n ń pè ní Margerie. Ó ga ní nǹkan bí 250 ẹsẹ̀ bàtà láti ojú omi, àwọ̀ ẹ̀ ń ṣe bíi búlúù bíi búlúù. Gbogbo èèyàn á dákẹ́. Ẹ máa kọ́kọ́ rí i tí òkìtì kan lára ẹ̀ já, tó ń wó lọ sínú omi, lẹ́yìn náà lẹ máa tó gbọ́ ìró ẹ̀, tó ń dún bí àrá. Níbi tẹ́ ẹ dúró sí nínú òtútù yẹn, wọ́n á gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé àwọn Dutch wá bá yín lórí ọkọ̀ níta, ó gbóná, ó ki. Ẹ mu ún. Kò láta, àmọ́ ẹ mu ún.

Àwọn ibi tó kù: Juneau, olú ìlú Alaska, tí kò sí títì kankan tó wọ̀ ọ́ láti ibòmíì, ọkọ̀ omi tàbí bàálù nìkan. Láti 2024 ni wọ́n ti ní ọkọ̀ ńlá márùn-ún péré làwọn fẹ́ lójúmọ́, torí èrò ti pọ̀ jù fún àwọn ará ìlú. Sitka náà wà níbẹ̀, ibẹ̀ làwọn ará Rọ́ṣíà ti fa Alaska lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní October 1867, mílíọ̀nù 7.2 dọ́là ni wọ́n tà á. Èbúté ibẹ̀ jìnnà sígboro díẹ̀ àmọ́ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà. Ní Ketchikan, ẹ mú aṣọ òjò dání. Òjò ibẹ̀ ju ti Èkó lọ fíìfíì, ó ń lé ní ínṣì 140 lọ́dún, agbòjò ò sì wúlò tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Swẹ́tà lẹ́ ẹ máa wọ̀ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì tí omi ò lè wọ̀, kódà ní July. Kóòtù ńlá tẹ́ ẹ fi ń lọ Chicago, ẹ fi sílé.

Victoria ni ìkẹyìn, ní Kánádà, níbi tí ìwé ti lè bá èèyàn ṣẹ̀sín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dáadáa. Òfin Amẹ́ríkà kan tó ti wà láti 1886 ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń ta àsíá orílẹ̀-èdè míì gbé èèyàn yí etíkun wọn ká láìdúró nílùú òkèèrè, àsíá Netherlands ni Eurodam sì ń ta. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni, àmọ́ ó ti di wíwọ Kánádà, kódà tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ní bọ́ sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ní green card ò nílò fíṣà Kánádà, ṣùgbọ́n kó mú káàdì náà àti páṣípọ́ọ̀tù tí ò tíì kú dání, méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ kí bàbá tàbí ìyá òun fi fíṣà Amẹ́ríkà wá bá wa láti Nàìjíríà, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ti Kánádà náà. Tí ti Amẹ́ríkà bá sì jẹ́ ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe wà fún ọ̀pọ̀ fíṣà tí wọ́n fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti July 2025, ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Tí wọ́n bá dá màmá padà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, owó yẹn ti wọgbó nìyẹn.

Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù wá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Oúnjẹ tẹ́ ẹ sè nílé náà, ẹ fi sílé. Ata gígún inú ike tí iléeṣẹ́ dì pa, ẹ kó o sínú ẹrù yín, tí wọ́n bá bèèrè, ẹ fi hàn wọ́n. Àwọn alẹ́ kan wà tí gbogbo ọkọ̀ ń múra, ibẹ̀ la máa lo aṣọ ẹbí wa, torí pé kò sí áyọ́ọ̀nù, ẹ rán èyí tí kì í rún, kẹ́ ẹ sì mú auto gèlè.

Ní ti owó tẹ́ ẹ ti san, ó wà, a ti ń bá ètò àtigbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tuntun yìí lọ. Bọ́ọ̀sì Sea-Tac ṣì wà. Pier 91 lọkọ̀ yìí ti ń gbéra, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa dá wọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ Pier 66. Ẹni tí ò bá fẹ́ lọ mọ́, kó sọ fún wa kí oṣù yìí tó parí, a máa dá owó ẹ̀ padà, mi ò sì ní bá a jà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: tí ohun kan bá ń dùn yín nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ pè mí, ẹ má tò ó sínú group, torí àwọn tí ò mọ̀ wá rí ló ń kà á níbẹ̀. Ọ́fíìsì ń ṣí láti Mọ́ńdè dé Sátidé, nọ́ńbà mi sì ni ti àtẹ̀yìnwá, mi ò pààrọ̀ ẹ̀.